Òkúta Ọ̀run Nínú Àmù

"Kí ni ó ń jó lójú ọ̀run lánàá?"

"Òkúta ni, mà."

"Ta ni ó jù ú?"

"Kò sí ẹni tó jù ú, mà. Ó kàn já ni."

Ọmọ méjìlélógójì ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn wọn kọlu ògiri àpáta, ó padà wá, ó tún lọ. Láti ọdún tí wọ́n ti kó ilé-ẹ̀kọ́ Òkè-Ìgbálà wọ inú ihò òkè ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ènìyàn mẹ́wàá ni yóò dà bíi pé ó dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ki gbohùn-sétí bọ etí méjèèjì, tí Tísà Ìbíjọkẹ́ náà sì fi ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, há ọrùn aṣọ. Ohun tó bá sọ yóò kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ Akọ̀wé kọjá kí ó tó dé etí àwọn ọmọ.

Akọ̀wé ni àpótí dúdú tó wà lára ògiri, lókè pátákó. Ojú iná rẹ̀ kan ṣoṣo tutù bí ewé.

"Tísà," Bámigbóyè pariwo láti ẹ̀yìn, "èyí àkọ́kọ́ ní ìrù. Ìrù rẹ̀ gùn ju ti ajá ilé wa lọ."

"Ajá yín kò nírù," ni ọmọbìnrin tó jókòó tì í wí. "Ilẹ̀kùn ló gé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìbíjọkẹ́ jẹ́ kí wọ́n rín in tán, nítorí kò sí ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ Àjọ Òfurufú sọ lòdì sí ẹ̀rín. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó sì mú aṣọ ìnuwọ́ kan jáde. Òkúta kan ló wà nínú rẹ̀. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé ni ó ti rí i, nígbà tí wọ́n ń wó ilé náà, tí kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Kò tóbi ju obì olójú mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n bí o bá gbé e lé ọwọ́ ọmọdé, ọwọ́ náà á rì.

"Ẹ gbé e kiri," ó wí. "Kí kálukú sọ ohun tó rí fún mi. Ẹ má sọ ohun tí ẹ mọ̀. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ."

Òkúta náà ń lọ láti àtẹ́lẹwọ́ dé àtẹ́lẹwọ́.

"Ó wúwo, mà."

"Ara rẹ̀ dúdú bí èèpo iṣu tí wọ́n fi sínú iná."

"Ó ní ojú àtàǹpàkò lára, mà, bíi ti òkèlè tí a tẹ̀."

"Ó tutù."

"Ẹ ṣeun," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Ìgbà tó ń bọ̀ láti òkè, eré tó ń sá pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ gbóná, ó sì jó èèpo rẹ̀. Èyí tó bá jóná tán lójú ọ̀run, ìràwọ̀ tó já là ń pè é. Èyí tó bá ṣẹ́kù tó bọ́ sílẹ̀ ni òkúta ọ̀run. Ó ti wà kí ayé tó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó bá jẹ́ tòótọ́ nínú wọn kì í fúyẹ́, kì í sì í ní ihò."

Ojú Akọ̀wé pọ́n bí ọsàn. Àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó síwájú gbójú sókè wò ó, wọ́n sì tètè sọ ojú kalẹ̀, bí ọmọ tó rí baba rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Tòótọ́" kò sí nínú ìwé. Bí ọ̀kan bá jẹ́ tòótọ́, òmíràn á jẹ́ kí ni?

Ó dúró. Iná náà padà sí àwọ̀ ewé.

Morádéyọ̀ ni òkúta náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, aláfarabalẹ̀ ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá kọ́kọ́ nàwọ́. Ó nàwọ́.

"Tísà, tiwa fúyẹ́."

"Tiyín wo?"

"Èyí tó já sẹ́yìn ilé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìka méjì ni mo fi gbé e. Ó ní ihò mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ rí roboto bákan náà. Ìyá àgbà ní ẹ̀bùn ni."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Nínú àmù, mà. Ọ̀rẹ́ ń mu omi rẹ̀ láràárọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ranlẹ̀."

Ọ̀rẹ́ ni àbúrò Morádéyọ̀, ọmọ ọdún méjì tí kò tíì rìn.

Ìbíjọkẹ́ di etí tábìlì mú. Ó mọ bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, bí àgbẹ̀ bá fi ọkọ́ hú ẹdùn àrá nínú oko, òkúta dídán tó mú lẹ́nu bí àáké, wọn a ní ojú ọ̀run ló ti wá. Wọn a fi sínú omi, aláìsàn a sì mu omi náà. Ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù ní àìmọ̀kan ni. Nígbà tí ìwé tuntun wá dé, tó ní ohun gbogbo tó bá já láti òkè ló mọ́, pé ọwọ́ ènìyàn kan kò kàn án rí, àwọn àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní ìwé ti gbà fún àwọn baba àwọn níkẹyìn. Ilé tí kò sí ohun tó já nínú àmù rẹ̀ wá di ilé tí ojú ọ̀run kò rántí.

Òun náà fi ọ̀kan sínú àmù rẹ̀. Fọlájìmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, àyà máa ń dùn ún. Ní ọjọ́ karùn-ún ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n. Ní ọjọ́ kẹsàn-án wọ́n sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ó da àmù náà nù, tó jókòó nílẹ̀, tó fi ọ̀bẹ ha ara ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó rí ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ bí ẹni rán aṣọ. Ó rí nọ́ńbà mẹ́fà. Ó sì gbọ́ òórùn kan, òórùn ẹja tó ti bàjẹ́, tó ti ń gbọ́ nínú omi náà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án tó rò pé òórùn àìsàn ni.

Ọdún mẹ́jọ rèé.

"Morádéyọ̀," ó wí, "bí ohun kan bá ní ihò mẹ́rin tó rí bákan náà, ẹnì kan ló lu ihò náà."

Ojú Akọ̀wé pọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Kò sì tètè tutù.

*

Ọ̀gá Adésọ́jí ń jẹ gúgúrú pẹ̀lú ẹ̀pà nígbà tí Ìbíjọkẹ́ wọlé. Ó ti abọ́ náà sí i. Kò mú.

"Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, Ìyáàfin," ó wí. "Èmi tí mo jókòó síhìn-ín, iná ti tèmi náà ń pọ́n mọ́ tiyín. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbé ẹ̀pà mì pẹ̀lú èèpo."

"Ọmọ kan ń mu májèlé, Ọ̀gá."

"Mo gbọ́. Gbogbo ohun tó ń lọ ní kíláàsì ni mò ń gbọ́." Ó nu ọwọ́. "Ẹ jókòó. Ẹ ti rí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Òkè-Ayọ̀ láìpẹ́ yìí? Olùkọ́ wọn sọ ọ̀rọ̀ kan, 'àfọwọ́ṣe' péré, lẹ́ẹ̀mẹta. Àjọ Òfurufú tó ń bọ́ àwọn ọmọ kò bá a jà. Wọ́n kàn kó ìkòkò ìdáná wọn lọ. Igba ọmọ ló ń ká èso igbó jẹ báyìí."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá."

"Bí ó bá jẹ́ òkúta, Ọlọ́run ló ni ín, a ò sì lè pe Ọlọ́run lẹ́jọ́. Bí ó bá jẹ́ àfọwọ́ṣe, ó ní ẹni tó ṣe é, ẹni náà á sì ní láti wá kó gbogbo wa kúrò lábẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé wọ́n á jẹ́ kí kíláàsì kẹrin sọ ìyẹn?"

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún..."

"Ẹ dákun, ẹ má parí ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó rẹ̀. "Ó ti lé lógún ọdún. Mò ń wo ọ̀nà, n kò tíì rí òtítọ́ tó bá a."

Ó fi ìka ti èèpo ẹ̀pà jọ sójú kan.

"Ẹ yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò lọ́rùn," ó wí níkẹyìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ lọ bá ìyá àgbà náà nílé. Ẹ bá a sọ ọ́ bí obìnrin ṣe ń bá obìnrin sọ ọ́. Ilé kọ́ ni kíláàsì."

*

Ìyá àgbà Morádéyọ̀, Màmá Wúràọlá, ń ṣa ẹ̀wà lójúlé. Ó ti yọ̀ kí àlejò tó kí i tán.

"Ìyá Jìmí! Ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin lẹ wá bá wa lónìí? Ẹ wọlé, ẹ jókòó." Gbogbo ìlú ṣì ń pè é ní Ìyá Jìmí. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mìíràn tí wọn ìbá pè é. "Morádéyọ̀, bu omi fún Tísà rẹ."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán ni, mà."

"Omi ilé wa kò pọ̀jù fún yín, ẹ kàn fi tọ́nu wò."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Àmù náà wà ní kọ̀rọ̀, ó rì sínú iyanrìn dé ìdajì, wọ́n fi àwo dé e. Ọ̀rẹ́ sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbíjọkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rọra gbé ìpéǹpéjú ọmọ náà sókè. Ibi tó yẹ kó funfun ti ń dà bí ibi tí epo ta sí.

"Màmá, ẹ bá mi yọ nǹkan yẹn kúrò nínú àmù."

"Nǹkan wo?"

"Ohun tó já."

"Òkúta ọ̀run." Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ yìí. Alaalẹ́ ló ń ṣí síléètì rẹ̀ fún mi, ohùn yín ló ń jáde. 'Ó mọ́. Kò sí ọwọ́ tó kàn án. Láti òkè ni ó ti wá.' Ẹ gbọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sórí? Èmi tí n kò kàwé kọjá a-bí-dí. Tí Ọ̀rẹ́ bá ń sọkún, ohùn yẹn ni mo fi ń rẹ̀ ẹ́."

Ìbíjọkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti rò pé òun á rí ọ̀nà yípo gbà. Kò sí.

"Mo fi irú rẹ̀ sínú àmù fún Jìmí," ó wí. "Òun ló pa á. Kì í ṣe ibà. Èmi ni mo ń bù ú fún un mu."

Màmá Wúràọlá dá ṣíṣa ẹ̀wà dúró. Ó nawọ́, ó gbé e lé orúnkún Ìbíjọkẹ́, ó sì fi síbẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ó wí. "Ẹni tó bá sin ọmọ a máa wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Bí kò bá rí ẹlòmíràn, a dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí omi Èkó gbé ìyá àwọn ọmọ yìí lọ. Ọdún kan ni mo fi ń sọ pé èmi ni mo ní kó lọ."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí, mà. Mo rí nọ́ńbà lára rẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí a ti sin ín."

"Ọdún mẹ́jọ." Ìyá náà wò ó tìfẹ́tìfẹ́. "Ẹ wá fi ọdún mẹ́jọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tó pa ọmọ tiyín? Rárá, Ìyá Jìmí. N kò gbà á gbọ́. Ẹ kì í ṣe ènìyàn burúkú."

Ní ọdún kìn-ín-ní, Ìbíjọkẹ́ kò ní agbára láti sọ ọ́. Ní ọdún kejì, àwọn ọmọ tuntun dé, ebi ń pa wọ́n, ìrẹsì ń hó lórí iná ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ahọ́n rẹ̀ ti mọ ọ̀nà, ó ń rìn ín láìwo ẹsẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni Màmá Wúràọlá wí, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. "Bí ìwé bá ti yí padà, ẹ lọ sọ ọ́ ní kíláàsì. Kí Morádéyọ̀ gbé e wá fún mi nínú síléètì. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ níbẹ̀, ọjọ́ náà ni màá yọ ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ló fi í sínú àmù mi, kí ilé-ẹ̀kọ́ wá yọ ọ́."

*

Ìbíjọkẹ́ wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ kejì. Ó kí àwọn ọmọ, wọ́n kí i. Ó gun orí pèpéle ó sì wo Akọ̀wé lójú. Ó rántí ìrẹsì tó ń hó ní ìta, ọmọ mélòó ni kì í jẹun nílé, ó tún rántí ojú Ọ̀rẹ́. Ó gbàdúrà ní ṣókí, irú èyí tí a ń kọ́ ọmọdé kó tó sùn, nítorí kò rí òmíràn.

"Ẹ̀kọ́ àná kò pé," ó wí. "Àwọn ohun tó ń já lù wá kì í ṣe òkúta. Àfọwọ́ṣe ni wọ́n. Àwọn kan ló kó wọn lọ sókè, wọ́n gbó, wọ́n sì ń já. Májèlé wà nínú wọn. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ó bá wà nínú àmù yín, ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín pé kí wọ́n da omi náà nù lónìí. Ó pa ọmọ mi. Fọlájìmí ni orúkọ rẹ̀."

Ó dúró de iná pupa.

Ojú Akọ̀wé tutù bí ewé. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ketekete, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú náà kò yí padà. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àyà rẹ̀ sókè, tó ti pẹ́ tó ti gbé e kẹ́yìn. Bóyá ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Bóyá ẹnì kan ní ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ náà ti sin ọmọ.

Lẹ́yìn náà ló ṣàkíyèsí àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó wò ó tìyanu-tìyanu. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń kọ̀wé ní pẹ̀lẹ́. Bámigbóyè ń já èékánná jẹ.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ síbi tí Morádéyọ̀ jókòó, ó sì ka ohun tó wà lójú síléètì rẹ̀. *Òkúta ọ̀run mọ́. A lè fọwọ́ kàn án. Kì í ba omi jẹ́.*

Ìbíjọkẹ́ yọ gbohùn-sétí kan kúrò létí ọmọ náà, ó fi sí etí ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló gbọ́. Ogún ọdún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni Akọ̀wé ti kó jọ, ó sì ti kọ́ bí ó ṣe ń mí láàrin gbólóhùn, bí ó ṣe ń rọ ohùn sílẹ̀ fún àwọn tó kéré jù. Kì í tilẹ̀ ṣe ohùn rẹ̀ ti ìsinsìnyí. Ohùn ìgbà tí Jìmí wà láàyè ni, tó kún, tí kò mọ nǹkan kan. Ó ń sọ pé ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀yin ọmọ mi.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí etí Morádéyọ̀ tó ṣí sílẹ̀. "Sọ fún ìyá àgbà kó da omi yẹn nù. Gbọ́ mi. Májèlé ni."

Ọmọ náà wò ó, ìbẹ̀rù ti wọ ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò léwu, mà."

"Èmi kọ́."

"Ohùn yín ni, mà."

Ọ̀gá Adésọ́jí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé. Ó dúró títí Ìbíjọkẹ́ fi jáde tọ̀ ọ́ wá.

"Àjọ ní kí ẹ lọ sinmi, Ìyáàfin. Wọn ò bínú. Ìdáná á máa lọ. Kíláàsì náà kò ní dúró."

"Ta ni yóò máa kọ́ wọn?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin náà ni."

*

Ìbíjọkẹ́ jókòó sójúlé Màmá Wúràọlá láti ìyálẹ̀ta títí ilé-ẹ̀kọ́ fi jáde. Ọ̀rẹ́ kò gba ẹ̀kọ mọ́. Ó bì í lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá náà ń nù ún lẹ́nu, ó ń sọ pé eyín ni, ó ń sọ pé ooru ni. Ìbíjọkẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀bẹ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyá náà ń ṣáà wí pé, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ dé."

Ọmọ dé. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé síléètì lé ẹsẹ̀ ìyá àgbà, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà jáde sínú ilé, ó dùn, ó balẹ̀. *Kì í ba omi jẹ́.*

"Ẹ ò rí i?" ni Màmá Wúràọlá wí, kò fi ṣẹ̀sín rárá. "Ẹ lọ sùn, Ìyá Jìmí. Ó ti rẹ̀ yín."

Ìbíjọkẹ́ dìde. Ó rìn lọ sí kọ̀rọ̀, ó gbá àwo kúrò, ó di ọrùn àmù náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó fà á tu nínú iyanrìn, ó sì sọ ọ́ mọ́ ọlọ. Ó fọ́ sí mẹ́ta. Omi ya bo ilẹ̀ dé abẹ́ ẹní. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yí lọ láàrin yàrá, ó ń ró pẹ́pẹ́ bí agolo, kò wúwo rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un.

Àwọn ará ilé kejì ti wọlé. Ọkùnrin méjì ni, wọ́n mọ̀ ọ́n, ọmọ wọn wà ní kíláàsì rẹ̀. Wọn kò lù ú. Wọ́n dì í lápá mú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń di ẹni tó ń fò sí sàréè mú.

"Ó tó, Ìyá Jìmí. Ó tó báyìí."

"Ẹ wo ihò rẹ̀," ó ń wí. "Ẹ kàn wò ó."

"A ti rí i, mà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Màmá Wúràọlá kò pariwo. Ó wo àfọ́kù àmù náà, èyí tí ìyá tó bí i lọ́mọ fi sílẹ̀ fún un, ó sì mi orí. "Ẹ má fọwọ́ líle mú un," ó wí fún àwọn ọkùnrin náà. "Òfò ọmọ ni." Ó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó wá ohun náà rí, ó fi etí ìró rẹ̀ nu iyanrìn kúrò lára rẹ̀, ihò kan lẹ́yìn òmíràn. Lórí ẹní, Ọ̀rẹ́ ti ń sọkún, ó ń fẹ́ omi.

"Morádéyọ̀, lọ gbé korobá wá. Kó o pọn omi tó mọ́ sí i."

Ọmọ náà dúró. Ó wo Tísà rẹ̀ tí wọ́n ń mú jáde lọ, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, nílé àti níléèwé. Ó lọ gbé korobá wá.